Sàlàkọ́ Gé Bíréèkì Iwájú

Bí a bá ń ka àwọn tí inú ń bí ní ìlú Ọ̀wọ̀, Sàlàkọ́ alápatà ni a óò fi ṣe ìkíní, òun náà ni a óò fi ṣe ìkejì, kí a tó wá ẹni tí yóò ṣe ìkẹta. Inú a máa bí i sí òjò, inú a máa bí i sí oòrùn. Ó ti bá orí ewúrẹ́ jà rí lórí tábìlì ẹran, ó ní ó ń wo òun ní ìwòkuwò, bẹ́ẹ̀ ewúrẹ́ náà ti kú láti ìdájí. Bí ó bá kígbe ní odò ẹran, àwọn màlúù tí wọn kò tíì pa a máa wólẹ̀ fúnra wọn, wọn a ní kí wọ́n kúkú tètè ṣe é kí àwọn sinmi ariwo.

Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń bí Sàlàkọ́ nínú lábẹ́ ọ̀run, kò sí èyí tó tó bíréèkì iwájú alùpùpù.

Ó ní ìdí. Làmídì àbúrò rẹ̀, tí wọ́n jọ ń pa ẹran, ṣubú lórí alùpùpù ní ìyànà ọjà. Àwọn tó wà níbẹ̀ ní bíréèkì iwájú ló fún, ni ìdí ọkọ̀ bá gbéra nílẹ̀, ó ju Làmídì síwájú, ó fi orí gúnlẹ̀. Kò rí ilẹ̀ ọjọ́ kejì. Ọjọ́ tí wọ́n sin Làmídì ni Sàlàkọ́ ti ra píláyà kan sápò agbádá. Ó gé wáyà bíréèkì iwájú tirẹ̀. Ó gé ti Àbúdùlàhí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, ó gé ti gbogbo alápatà pátá, ó sì kéde pé ẹni tí òun bá tún rí bíréèkì iwájú lára ọkọ̀ rẹ̀, òun yóò pa á mọ́ ẹran tà. Àwọn alápatà kò bá a jiyàn. Ta ni yóò bá ẹni tó ń fi ọ̀bẹ ẹran ta eyín jiyàn? Wọ́n kó wáyà wọn lọ sí oko, wọ́n fi í dẹ ọ̀yà. Nígbà náà, bí ènìyàn bá fẹ́ rí bíréèkì iwájú alápatà Ọ̀wọ̀, àfi kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀yà nínú igbó.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń dúró? Ti ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ̀, èyí tí wọn kò bá sì rí tẹ̀ tó, wọn a fi ẹsẹ̀ méjèèjì wọ́lẹ̀ parí rẹ̀. Táyà mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà, síbẹ̀ bàtà wọn kì í pẹ́. Bí Àbúdùlàhí bá fẹ́ dúró níwájú ilé rẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà ilé àna rẹ̀ ní àdúgbò kejì ló ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀, eruku a sọ, a bo ojú ọ̀run, àwọn adìẹ a ti wọlé lọ sùn.

Gbogbo èyí kò kan Rùfáì. Rùfáì télọ̀, ọmọ Ìpele, tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ọ̀wọ̀, ló fẹ́ fẹ́ Kúlísúmù ọmọ Sàlàkọ́. Ọmọkùnrin náà mọ̀ ọ́n rán, ó sì mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀. Bí Sàlàkọ́ bá húkọ́ nínú ilé, Rùfáì a ti dọ̀bálẹ̀ lójú títì. Gbogbo ohun tí àna rẹ̀ bá wí, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá" ni. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá ti kan bíréèkì, ó di "Bàbá, ẹ má bínú," èyí tó túmọ̀ sí rárá. Sàlàkọ́ sì ti là á mọ́lẹ̀ fún un: kó jẹ́ kí òun gé wáyà náà, tàbí kó lọ wá ọmọ ẹlòmíràn fẹ́.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, ní ọdún tí àwọn ṣójà ń palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ kí wọ́n lè gbé ìjọba fún àwọn olóṣèlú, Rùfáì wá gbé Kúlísúmù kó lọ kí ìyá òun tí ara rẹ̀ kò yá ní Ìpele. Ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Rùfáì gbé alùpùpù rẹ̀ dúró lábẹ́ igi òdòdó iwájú ilé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Sàlàkọ́ kò wò ó. Alùpùpù ló ń wò.

"Rùfáì."

"Bàbá."

"Kí ni mo rí ní ọwọ́ ọ̀tún ọkọ̀ yìí?"

"Bíréèkì iwájú ni, Bàbá."

"Ó ṣì wà níbẹ̀."

"Ó wà níbẹ̀, Bàbá, ẹ má bínú."

"Orí ohun tó pa àbúrò mi ni o fẹ́ gbé ọmọ mi lé."

Rùfáì dìde, ó gbọn iyanrìn kúrò ní orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan, kì í ṣe àfojúdi. Bí màlúù bá ń sá lọ tí ẹ fẹ́ dá a dúró, ṣé ìrù rẹ̀ lẹ ń dì mú?"

"Ìrù kẹ̀? Ẹni tó bá di ìrù màlúù mú, màlúù á wọ́ ọ dé Ìkàrẹ́, yóò sì tún wọ́ ọ padà!"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ọ̀rọ̀ alùpùpù náà nìyẹn. Bí ọkọ̀ bá ń sá tí a fẹ́ dá a dúró, iwájú ni gbogbo ẹrù ń dà sí. Ẹ̀yìn á fúyẹ́. Bí a bá tẹ ti ẹ̀yìn nìkan, táyà lè dúró gbagidi kí ọkọ̀ má dúró, yóò kàn máa yọ̀ lọ ni, bí ẹni gun èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Iwájú lagbára wà. A óò fún un díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmú ewúrẹ́, a óò tẹ ti ẹ̀yìn mọ́ ọn, ọwọ́ ọkọ̀ á wà ní gbọọrọ. Bí ilẹ̀ bá tutù, a óò tètè bẹ̀rẹ̀. A ò ní já a gbà lójijì, a ò ní fún un lórí yanrìn, a ò ní fún un bí a bá ń ya kọ́nà—"

"Pa ẹnu yẹn dé!" Igi òdòdó gbọn, ewé rẹ̀ já bọ́. "Ìwọ télọ̀ tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ kì í rìn kúrò lójú kan, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní ìdúró? Màlúù tí èmi bá fẹ́ dá dúró, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni mò ń so ní okùn. Ẹ̀yìn! Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá. Ṣùgbọ́n ó ti dúró ná kí ẹ tó so ó."

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná. Àbẹ̀ẹ́bí ni, ìyàwó Sàlàkọ́, ìyá Kúlísúmù. Kúlísúmù náà fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín yẹn ló ba ohun gbogbo jẹ́. Tí wọn kò bá rẹ́rìn-ín ni, ìbá jẹ́ pé Sàlàkọ́ kàn máa kígbe títí tí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi gbẹ ni, yóò sì lọ sí ìsọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà wọ̀ ọ́ lára bí ata wọ ojú.

"Rùfáì, ọmọ mi, wá jẹun kí ẹ tó máa lọ," Àbẹ̀ẹ́bí ké láti ilé ìdáná. "Iyán ti wà nílẹ̀. Kúlí, wá gbé omi fún un."

Àwọn méjèèjì wọlé. Ó ku Sàlàkọ́ àti alùpùpù.

Nínú ọkàn tirẹ̀, ìkà kọ́ ló fẹ́ ṣe. Kúlísúmù nìkan ni Ọlọ́run fi fún un tó dàgbà. Ó rí i lójú inú rẹ̀ tí ọmọ náà ń fò lókè bí aṣọ tí afẹ́fẹ́ gbé, tó sì fi orí gúnlẹ̀ bíi ti Làmídì. Ọwọ́ rẹ̀ wọ àpò. Ó ká rọ́bà tó bo ìdí irin bíréèkì sókè, ó ki ẹnu píláyà bọ̀ ọ́, ó gé wáyà náà kẹ́ú. Ó fa rọ́bà padà bò ó, bí ẹni da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ó wò ó, ó sì sọ nínú ara rẹ̀ pé, ó tán, ọmọ mi kò ní kú mọ́.

Wọ́n jáde. Rùfáì dé akoto rẹ̀ nítorí àwọn ọlọ́pàá, Kúlísúmù jókòó sẹ́yìn, ó sì fi apá gbá a mú. Wọ́n kí Sàlàkọ́ pé ó dàbọ̀. Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ̀rín músẹ́ yìí ló tú u fó. Àbẹ̀ẹ́bí ti ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ láti ìgbà tí àgbọ̀n rẹ̀ kò tíì ní irun, kò rí i kó rẹ́rìn-ín àárọ̀ rí. Obìnrin náà jáde ti òun ti ọmọrogùn lọ́wọ́.

"Bàbá Kúlí, kí lẹ ṣe?"

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ rẹ́rìn-ín. Kí lẹ ṣe?"

"Mo ti gba ọmọ rẹ là, kò sì sí ẹni tó máa kí mi pé mo kú iṣẹ́! Wáyà tó ń bá mi fa ọ̀rọ̀, mo ti gé e."

"Ẹ gé e. Rùfáì mọ̀?"

"Yóò mọ̀ bó bá dé ibẹ̀."

Ojú Àbẹ̀ẹ́bí là rekete. "Bó bá dé ibo? Bàbá Kúlí, bó bá dé ibo? Ẹ̀yin, ẹ mọ̀ pé kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ yín, ẹ ti ń wọ́ ẹsẹ̀ kí ẹ tó rí òkè. Ọwọ́ ọmọ yẹn mọ̀ pé nǹkan wà níbẹ̀! Bí ohunkóhun bá yọ sí i, ọwọ́ ló máa kọ́kọ́ gbára lé, ọwọ́ náà á sì bá òfo! Ẹ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ ti yọ àtẹ̀gùn lẹ́sẹ̀ ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí àjà, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín!"

Ìgbà yẹn gan-an ni òjò dé. Kò kán, kò sì ṣẹ́. Ó kàn já lulẹ̀ gbàù bí ẹni tú àgbá omi. Àbẹ̀ẹ́bí na ọmọrogùn, ó fọ́ ọ mọ́ ọn léjìká. Alápatà tí màlúù ń bẹ̀rù fò sókè.

"Ẹ gùn ún!" ni Àbẹ̀ẹ́bí ké. "Ẹ gun ọkọ̀ yín! Ẹ lọ bá wọn! Bí ohunkóhun bá ṣe ọmọ mi, ẹ̀yin àti píláyà yín, ẹ má wọ ilé yìí mọ́ o!"

Sàlàkọ́ gun ọkọ̀ rẹ̀. Ó bínú sí Àbẹ̀ẹ́bí títí dé ẹ̀yìn ìlú, ó bínú sí Rùfáì tí kò jẹ́ kí òun gé e láti ọjọ́ yìí wá, ó bínú sí òjò. Òjò náà bínú sí i padà, ó ń gbá a lójú bí ìyá ìyàwó. Ó ń wo iwájú, kò rí wọn. Ní gbogbo kọ́nà, ó ń retí kí ó rí ẹ̀yìn Kúlísúmù, gèlè aláwọ̀ ewé tó wé. Kò rí i. Bí kò ti rí i ni ìbínú rẹ̀ ń tán lọ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀rù sì ń gba ipò rẹ̀. Èyí tún bí i nínú, ó tún yára sí i.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà ní ọ̀nà Ìpele nígbà náà, ilẹ̀ pupa ni, odò kékeré kan sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí afárá rẹ̀ kò ju àyè ọkọ̀ kan lọ. Bí òjò bá ti rọ̀, ibẹ̀ a máa yọ̀ débi pé eṣinṣin tó bá bà lé e, ìsàlẹ̀ odò ni yóò bá ara rẹ̀. Sàlàkọ́ yọ sórí òkè náà, ó sì rí i: mọ́tò akẹ́rù gedú kan ti rì sẹ́nu afárá, ó dínà pátápátá, àwọn ènìyàn sì ń tì í lẹ́yìn. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nínú kòtò, táyà alùpùpù kan wà lókè, ó ṣì ń yí. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan wà lórí koríko.

Ó tẹ bíréèkì ẹ̀yìn.

Táyà ẹ̀yìn dúró. Ó dúró lóòótọ́, ó dúró bí ọba. Ọkọ̀ ni kò dúró. Ìdí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ó fẹ́ ṣáájú orí débẹ̀. Sàlàkọ́ sọ ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń wọ́ wọn, ẹrẹ̀ pupa ń fò kọjá orí rẹ̀, bàtà òsì bọ́, bàtà ọ̀tún tẹ̀ lé e, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ń bá òkúta sọ̀rọ̀, ọkọ̀ sì ń lọ. Nígbà náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí kò rò. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ na ìka fúnra rẹ̀. Kò rán an. Ọwọ́ náà ń wá bíréèkì iwájú. Ó rí irin rẹ̀, ó fún un pẹ̀lú gbogbo agbára tí Ọlọ́run fi fún alápatà, irin náà sì wá bẹ́ẹ̀, ó rọ̀ jọwọlọ, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀.

"Làmídì o!" ni Sàlàkọ́ ké.

Ó kọjá Kúlísúmù àti Rùfáì lẹ́bàá kòtò, wọ́n rí ojú rẹ̀ bó ṣe ń kọjá, ẹnu rẹ̀ là bí ẹnu àpò gààrí. Ó kọjá ìdí mọ́tò akẹ́rù, ó gba àárín àwọn igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan, ó gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mélòó kan lulẹ̀ bí àdá, ó sì wọ inú àbàtà gbúlúkú. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ibẹ̀ kó lọ sí ìlú mìíràn.

Nígbà tó wọ́ jáde, tí ewéko odò rọ̀ mọ́ etí rẹ̀, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ta ló ní kí ẹ máa sáré nínú òjò? Ta ló rán yín?"

Kúlísúmù jókòó sórí òkúta, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé apá òsì lé itan. Apá náà ti tẹ̀ níbi tí apá kì í ti í tẹ̀. Rùfáì dúró tì í, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn láti ìpéǹpéjú rẹ̀. Akoto rẹ̀ wà nílẹ̀, ó ti là sí méjì bí awẹ́ obì. Ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ fún ikọ́, kò dọ̀bálẹ̀. Kò tilẹ̀ tẹ orí ba.

"Ẹ wò ó," ni ó wí. Kò fi Bàbá sí i. Ó na wáyà náà jáde. "Nígbà tí mo rí mọ́tò yìí, mo fún un bí mo ṣe máa ń fún un, jẹ́jẹ́, ó sì rọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ìka òkú. Mo tún fún un. Kí n tó rántí pé ẹsẹ̀ wà, ilẹ̀ ti tán níwájú wa."

"Wáyà a máa já," ni Sàlàkọ́ wí.

Kúlísúmù gbé ojú sókè. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá, èyí sì burú ju igbe lọ. "Bàbá mi, wáyà tó bá já a máa tú bí irùkẹ̀rẹ̀ àgbàdo. Èyí kò tú. Wọ́n gé e gẹ́rẹ́ ni, bí iṣan ẹran. Ta ló ń gbé píláyà sínú agbádá ní Ọ̀wọ̀? Ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi."

"Nítorí tìrẹ ni! Nítorí kí o má bàa kú! Ṣé o ti gbàgbé bí Làmídì—"

"Ẹ má dárúkọ Làmídì!" Ìgbà yìí ni igbe náà wá jáde, àwọn tó ń ti mọ́tò dúró. "Mo wà níbẹ̀! Oúnjẹ yín ni mo rù bọ̀. Àbúrò yín kọjú sẹ́yìn, wọ́n ń bú ọkùnrin kan, wọ́n sì ń ya kọ́nà lórí yanrìn bí wọ́n ṣe ń bú u. Ni ewúrẹ́ bọ́ síwájú wọn. Wọn kò tẹ ti ẹ̀yìn rárá. Ti iwájú ni wọ́n já gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo agbára, nígbà tí ọwọ́ ọkọ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo sọ ọ́ fún yín lọ́jọ́ náà. Ẹ ní kí n panu mọ́, ẹ ní kí ni ọmọdé mọ̀. Ẹ kò bínú sí yanrìn. Ẹ kò bínú sí ewúrẹ́. Ẹ kò bínú sí ẹnu Làmídì tí kì í sinmi. Bíréèkì lẹ bínú sí, nítorí pé òun nìkan ni píláyà lè gé!"

Sàlàkọ́ la ẹnu. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò sí ariwo nínú rẹ̀. Ó wo apá ọmọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Kò rí ẹni tí yóò bú, ó sì yí padà, ó lọ fi èjìká ti mọ́tò akẹ́rù náà. Àwọn tó ti ń tì í láti ìgbà yìí wá kò rí i gbé, ṣùgbọ́n bí Sàlàkọ́ ṣe gbé èjìká tì í, tó ké bí akọ màlúù, mọ́tò náà fò jáde nínú ẹrẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fò kọjá odò.

"Bàbá alápatà, ẹ rọra, ẹ ó ti mọ́tò mi dé Ìfọ̀n!" ni Sylvanus tó ń wa mọ́tò gedú náà ké. Lẹ́yìn náà ó rí Kúlísúmù, ó sì sọ ohùn kalẹ̀. "Ẹ gbé e wá síwájú lọ́dọ̀ mi. Mo mọ ilé ẹni tó ń to eegun ní Ìpele."

Rùfáì gbé Kúlísúmù sókè, òun náà sì gòkè tẹ̀ lé e. Sàlàkọ́ di ilẹ̀kùn mọ́tò mú, ó gbé ẹsẹ̀ lé e.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀, Bàbá mi," ni Kúlísúmù wí.

"Ọmọ mi ni ọ́, mo ń bá ọ lọ!"

"Ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ padà lọ sọ fún ìyá mi pé mo wà láàyè, kí ìyá mi má bàa máa sunkún."

"Kúlísúmù." Ó ṣì di ilẹ̀kùn mú. "Mo ti fi ọ́ fún un. Ṣé o gbọ́? Rùfáì, mo ti fi í fún ọ. Kò sí ọ̀rọ̀ mọ́."

Kúlísúmù wo apá rẹ̀ tó wà lórí itan. "Èwo lẹ fi fún un nínú mi? Ẹ jẹ́ kí eléyìí san ná kí ẹ tó fi ìyókù tọrẹ." Ó yí ojú síwájú. "Ẹ máa wà á, ẹ̀gbọ́n Sylvanus."

Mọ́tò lọ. Sàlàkọ́ dúró ní ẹnu afárá, láìsí bàtà, ẹrẹ̀ sì bò ó láti orí dé ẹsẹ̀ bí ère tí wọn kò tíì fi iná sun. Ó wọ inú àbàtà, ó gbé alùpùpù rẹ̀ jáde. Ó fi ẹsẹ̀ ta á, ó dáhùn. Ó jókòó lé e, ó wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà lókè. Ó pa ọkọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lọ sókè.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé orí òkè nígbà tó gbọ́ ìró alùpùpù tó ń bọ̀ láti Ọ̀wọ̀, pẹ̀lú orin. Kò sí ẹlòmíràn tó ń kọrin bẹ́ẹ̀. Àbúdùlàhí ni, tó ń gbé ẹran lọ sí ọjà Ìpele, itan màlúù méjèèjì wà lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ wọn na sókè bí ẹni tó ń juwọ́ sí ènìyàn. Ó ń bọ̀ tagbára tagbára sí orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Sàlàkọ́ ju alùpùpù tirẹ̀ sáàárín ọ̀nà, ó dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó na apá méjèèjì. "Dúró! Àbúdùlàhí! Dúró!"

Àbúdùlàhí sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó wọ́ ọ, ó wọ́ ọ, ó ń pe Ọlọ́run. Kì bá tí dúró rárá bí kò bá jẹ́ pé orí òkè ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ó gbá alùpùpù Sàlàkọ́ gbìì, itan màlúù kan fò, ó bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Sàlàkọ́! Ṣé orí rẹ dàrú ni? Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Wo ẹran mi!"

"Sọ̀kalẹ̀."

"Kí n sọ̀kalẹ̀ ṣe kí ni? Àwọn oníbàárà ń dúró dè mí!"

"Mo ní kí o sọ̀kalẹ̀! O kò ní gun ọkọ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yìí. Tì í! Bí o kò bá lè tì í, ru ú! Ìwọ òmùgọ̀ elórí kunkun, ọkọ̀ rẹ kò ní bíréèkì!"

Àbúdùlàhí la ojú sí i. Inú bí òun náà, ó ju akoto sílẹ̀. "Kò ní bíréèkì? O lè sọ ọ́! Ta ló gé e? Bi ara rẹ léèrè, Sàlàkọ́, ta ló gé e?"

"Èmi ni!" Ohùn náà padà sí i lára, ó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ẹyẹ inú igbó kúrò lórí igi. "Èmi Sàlàkọ́ ni mo gé e! Mo gé tìrẹ, mo gé tèmi, mo gé ti ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí! Apá Kúlísúmù ti kán nítorí rẹ̀! Sọ̀kalẹ̀ kí n tó wọ́ ọ sọ̀kalẹ̀!"

Àbúdùlàhí gbọ́ orúkọ Kúlísúmù. Ó rọra fi ẹsẹ̀ kan sọ̀kalẹ̀, ó sì fi ìkejì tẹ̀ lé e.

Láti ẹ̀yìn kọ́nà, wọ́n gbọ́ ìró alùpùpù mìíràn, àti òmíràn lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alápatà yòókù tó ń ná ọjà Ìpele ló ń bọ̀. Sàlàkọ́ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹrẹ̀ ojú, ó tún gba àárín ọ̀nà lọ láìsí bàtà, ó ń pariwo sí wọn láti òkèèrè kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀.